Ilé Yìí Kì í Ṣe Títà

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Pen Cinema ní Agége, tó gba Ògbà bọ́ sí Ìkẹjà, kò ní ṣàì rí i lára ògiri: ọ̀dà pupa tàbí dúdú, lẹ́tà gàdàgbà, tí wọ́n fi kọ ọ́ pé ilé yìí kì í ṣe títà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi kún un pé kí aráàlú ṣọ́ra fún àwọn oní-419. A ti rí i títí ó fi mọ́ wa lójú, a kì í sì í béèrè mọ́ pé ta ni wọ́n ń bá wí. Kì í ṣe olè tó ń fo ìgànná lóru, nítorí olè kò lè gbé ilé. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n ń bá wí, ẹni tó mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, tó lè mú oníbàárà wọlé ní ọ̀sán gangan nígbà tí àwọn yòókù bá lọ síbi iṣẹ́, tí yóò gbowó lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta lórí ilé kan ṣoṣo, tí a kò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí àwọn bàbá wa àgbà kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sára ògiri. Ilé ẹbí ni, ó sì yé tọmọdé tàgbà pé ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lónìí kọ́ ló ni ín tán. Àwọn tó ti kú ní ìpín níbẹ̀, àwọn tí a kò tíì bí náà ní tiwọn. Dáwódù ló ń mójú tó o, ṣùgbọ́n dáwódù kò lè dá a tà. Ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Kódà ilé ẹjọ́ àwọn amúnisìn, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ka àṣà wa sí, gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wa láàrin ìgbà tí èyí yé gbogbo ènìyàn àti ìgbà tó di ohun tí à ń fi ọ̀dà kọ kí a tó lè sùn?

Èkó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ lásìkò yìí nípa títún àwọn ilé ìgbàanì ṣe bí ìlú ṣe ń di tuntun. Inú mi dùn sí i, mi ò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ògiri nìkan la fẹ́ tún ṣe, tí a kò sì bìkítà nípa ìwà tó gbé ògiri náà dúró. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Inú yàrá la ti ń fi òwe yìí bá ọmọ wí tẹ́lẹ̀. Ó ti tó ohun tí a ó máa fi bá ìlú wí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Kí Agége tó di ìlú búrẹ́dì àti ariwo ọkọ̀, oko ni. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, àárín igbó àti oko Agége ló sì gbà kọjá. Níbẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, ọ̀kan lára àwọn òpómúléró ìjọ African Church tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, ti fìdí oko kòkó múlẹ̀. Ní 1907, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Àwọn lébìrà wá láti oríṣiríṣi ìlú ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n rí bí a ṣe ń gbin kòkó àti bí a ṣe ń sá a, wọ́n sì mú irúgbìn dání nígbà tí wọ́n ń padà relé. Coker kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Agége di ọ̀kan lára àwọn orísun tí kòkó ti ṣàn lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni obì gbànja gbilẹ̀ ní agbègbè kan náà, tí àwọn Hausa oníṣòwò ń tìtorí rẹ̀ wá jókòó sí Agége, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o lọ sí òkè Ọya.

Ẹ rò ó wò. Igi kòkó ayé ìgbà náà kì í so kí ó tó tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Obì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti lé láàádọ́ta ọdún tó ń gbin obì mọ̀ dájú pé ọmọ òun ni yóò ká èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, bóyá ọmọ ọmọ òun pàápàá. Ó mọ̀, ó sì gbìn ín. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò kọjá ìwà ọkùnrin yẹn.

Owó kòkó tí ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko kó jọ ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955. Ìjọba náà ló la àgbègbè iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, nítorí Ìkẹjà kò tíì sí lábẹ́ Èkó nígbà náà. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ló wà títí oṣù Karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Òpópónà Ọba Akran, tó gba àárín àwọn iléeṣẹ́ náà, ń jẹ́ orúkọ Ọba Claudius Akran ti Àgbádárìgì, tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba yẹn. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà, Cadbury wà ní Agídíngbì, àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ń ran òwú, wọ́n ń hun aṣọ tọ̀sán-tòru. Àgbẹ̀ tí kò fi ìgbà kan wọ Ìkẹjà, tó wà lóko ní Oǹdó tàbí ní Iléṣà, ní ìpín nínú ògiri iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀.

Mo ti bá bàbá kan sọ̀rọ̀ rí tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú iléeṣẹ́ aṣọ kan ní ìhà ibẹ̀. Ohun tí mo rò pé wọn yóò sọ fún mi ni iye owó oṣù àti bí ayé ṣe dára tó. Wọn kò sọ ìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó máa ń ṣáájú fèrè. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "kí fèrè tó dún, wàá ti gbá ìdí ẹ̀rọ rẹ. Wàá nu ún, wàá fi epo sí i, wàá so òwú tó já. A kì í fi ẹ̀rọ onídọ̀tí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Bí ọ̀gá kò bá rí ọ, ẹni tó ń bọ̀ yóò rí ọ." Mo béèrè bóyá àwọn Òyìnbó tó ń darí iléeṣẹ́ ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. Wọ́n ní ìyá wọn ló kọ́ wọn, nídìí ààrò: a kì í kúrò nídìí ààrò tí ẹlòmíràn yóò lò láì kó eérú.

Iléeṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, ọdún kan lẹ́yìn tí Michelin ṣe bẹ́ẹ̀ ní Port Harcourt. Àwọn ìdí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: iná tí kò sí, dísù tí a fi ń rọ́pò iná, ẹrù òkèèrè tó wọlé ní owó pọ́ọ́kú, òfin tí ìjọba ń yí padà láàárọ̀ lálẹ́. Mi ò ní sọ pé ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ló pa iléeṣẹ́. Irọ́ ni yóò jẹ́. Àwọn tí ẹ̀rọ wà níkàáwọ́ wọn tọ́jú ẹ̀rọ. Àwọn tí orílẹ̀-èdè wà níkàáwọ́ wọn ni kò kó eérú.

Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn gbọ̀ngàn ńlá wọ̀nyẹn ti di ilé ìkẹ́rù-sí fún ọjà òkèèrè, àwọn kan di gbọ̀ngàn àríyá, àwọn kan di ilé ìjọsìn. Mi ò bá ilé ìjọsìn jà. Inú ọ̀kan ni mo ti ń sin Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí dé ọkàn tí mo bá rí ọ̀dọ́ lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n ń gbààwẹ̀ nítorí iṣẹ́, nínú gbọ̀ngàn tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ rí, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni. Wọn kò mọ̀ pé ilẹ̀ tí orúnkún wọn wà yẹn, owó kòkó àwọn bàbá wọn ni. Kò sí àmì kankan lára ògiri. Bí ẹnìkan bá wó gbọ̀ngàn náà lọ́la láti kọ́ ilé alájà mẹ́wàá síbẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ ohun tó sọnù.

Níbòmíràn láyé, ọwọ́ tí wọ́n fi mú irú ilé bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní Essen ní Jámánì, wọ́n ti ibi ìwakùsà èédú Zollverein pa ní 1986. Wọn kò wó o, nígbà tó sì di 2001, ó ti wọ inú ìwé àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO. Ní Cape Town, ilé gogoro tí wọ́n ń kó ọkà sí létí èbúté di ilé iṣẹ́ ọnà Zeitz MOCAA ní 2017. Àárín àwọn ọ̀pá ìkọ́kà náà ni wọ́n gbẹ́ di gbọ̀ngàn, gbogbo ìlú tuntun tó yí i ká sì ń fi í yangàn. Owó ló ṣe é, kò sírọ́ ńbẹ̀. Síbẹ̀, kí owó tó dé, ẹnìkan ti ní láti sọ pé ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe níbí tó ohun tí a ń rántí.

Ká má parọ́, Ìkẹjà náà ní àpẹẹrẹ tirẹ̀, bí ìtàn rẹ̀ tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, Kalakuta, ní 14 Agege Motor Road, ní ìhà Mùṣin. Wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè, ilé náà sì jóná ráúráú. Ìyá náà kú ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìjọba ní kí ìgbìmọ̀ ṣe ìwádìí, ìgbìmọ̀ sì ní ọmọ ogun tí a kò mọ̀ ló dáná sun ilé. Ẹgbẹ̀rún ojú ló rí i, nínú ọ̀sán, lójú títì tó kún fún èrò. Mo rò pé láti ọjọ́ yẹn ni ohun kan ti já nínú wa tí a kò tíì so padà. Nígbà tí ìjọba bá lè wo ojú aráàlú kí ó sọ pé ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò ṣe é mọ̀, ọmọ ilé náà yóò kọ́ ọ: òun náà lè ta ilé, kí ó sì ní òun kò mọ ẹni tó tà á.

Òpópónà Gbẹ́misọ́lá ní Ìkẹjà ni Fẹlá padà ń gbé títí ó fi kú ní 1997, àgbàlá ilé náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ní oṣù Kẹwàá 2012, ní ayé Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ná owó sí i, ilé náà sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ayàwòrán-ilé tó ṣe é ni Theo Lawson, ẹni kan náà tó sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street di Freedom Park ní 2010. Ẹ lọ wo ilé Gbẹ́misọ́lá. Wọ́n fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà: bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀, aṣọ, bàtà lóríṣiríṣi àwọ̀ tó tò gátagàta. Kò sí ohun tí wọ́n fi kun ọkùnrin náà lẹ́wà ju bó ṣe wà lọ, iṣẹ́ rere gbáà sì ni. Àdúgbò náà ń yí padà lójoojúmọ́, ilé ìtajà ń ga sí i ní Allen lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ilé yẹn dúró, ó ń pawó, ó sì ń sọ̀tàn.

Ṣùgbọ́n ẹ rìn díẹ̀ sí i, kí ẹ dé òpópónà Pepple. Ibẹ̀ ni Afrika Shrine àtijọ́ ti Fẹlá wà, níbi tí ayé ti ń wá gbọ́ orin rẹ̀. Inú Computer Village ló wà báyìí, fóònù àti ṣájà ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn níbẹ̀ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ tó mọ́ sì ni. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà náà lọ sí Kàtángúà ní ìhà Agége. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, àwọn tí ń kọ́lé tà yóò ya wọ àdúgbò yẹn bí eéṣú. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹnìkan ti ní ìwé lọ́wọ́ tó sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà.

Mo ń sọ èyí nítorí ohun tí ojú wa rí ní Èkó ìsàlẹ̀. Ilé Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1855 ní ìlànà àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, ni ìjọba kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, ọdún Iléyá ku ọ̀la, wọ́n wó o palẹ̀. Ọjọ́ tí ọ́fíìsì ìjọba tì pa, tí gbogbo ènìyàn ń wá àgbò, ni wọ́n ṣe é. Òfin wà lórí ilé náà. Ìwé wà. Àmì wà lára ògiri. Ohun tí kò sí ni ìtìjú.

Ojú irin kan náà tó gba Agége kọjá ló dé ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, níbi tí Jaekel House wà. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy, tí àwọn èèyàn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin dá sílẹ̀ ní 1995, ló tún un ṣe nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó, wọ́n sì kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè sínú rẹ̀. Ó dúró títí dòní. Ẹ fi í wéra pẹ̀lú ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021, kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, tó pa ènìyàn tó lé ní ogójì. Bíríkìlà yóò sọ fún yín bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀: ẹni tó dín simẹ́ńtì kù nínú yanrìn, ẹni tó fi irin tíńrín sí ibi tí irin nípọn yẹ kó wà, ẹni tó fi àjà kún àjà láì gba ìwé àṣẹ, ẹni tó rí i tó gba rìbá. Ilé tuntun kì í wó nítorí ọjọ́ orí. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó kọ́ ọ ló kọ́kọ́ wó.

Ojú irin tuntun náà ti dé. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ti Èkó tí wọ́n ń pè ní Red Line sì ṣílẹ̀kùn fún èrò ní 2024, ó ń gbé wọn láti Agbádó dé Òyìngbò, ó ń dúró ní Agége, ó ń dúró ní Ìkẹjà. Inú mi dùn tí mo bá rí i tó ń kọjá. Láti ayé Gómìnà Lateef Jákàńdè ni Èkó ti fẹ́ ní irú rẹ̀. Ológun fagi lé e ní 1985, nǹkan bí ogójì ọdún ni a fi sanwó ìfagilé yẹn nínú gósìló. Àwọn ibùdókọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ń jẹ́ orúkọ àwọn èèyàn ńlá. Ti Agége ń jẹ́ Babátúndé Fáṣọlá. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ fún Èkó, mo sì ti sọ ohun rere tó ṣe ní Gbẹ́misọ́lá. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí wọ́n ti fi orúkọ Coker sí i, tàbí ti àwọn àgbẹ̀ aláìlórúkọ tí ẹrù obì wọn mú kí ọkọ̀ máa dúró níbẹ̀. Ó ti di àṣà wa láti máa fi orúkọ sọrí ẹni tó ṣì wà lórí àga, nígbà tí ẹni tó gbin igi ti jẹrà sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń dàgbà rí i, ó sì mọ ohun tí a kà sí.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nítorí pé ó wà nílé wa. Bàbá bàbá mi, tó ń ṣòwò obì, kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Agége kí òmìnira tó dé: ògiri amọ̀ tó nípọn, àjà pákó, fèrèsé onígi tí a ń tì síta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí yàrá tò sí lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn tí àwọn afárá àti ibùdókọ̀ dé, tí owó ilẹ̀ fò sókè, ẹnìkan tó ń kọ́lé tà wá bá wa. Yóò wó o, yóò kọ́ fúláàtì sí i, yóò fún wa ní ìdajì. Ìdí igi mẹ́ta ni wá. A pàdé lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, omi òjò ń kán sínú àwo níwájú wa.

Mi ò ní sọ pé àwọn tó fẹ́ kí a tà jẹ́ èèyàn burúkú. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan dìde, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ má bínú sí mi. Ìyàwó mi fẹ́ bímọ, ilé ìwòsàn ń béèrè owó. Ìtàn kò ṣe é jẹ." Òótọ́ ló sọ, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lóhùn kíákíá. Ẹni tó bá ń wàásù nípa àjogúnbá fún ẹni tí ebi ń pa, tí kò sì fọwọ́ bàpò, ojú ayé ló ń ṣe. A dá owó jọ fún un lọ́jọ́ náà kí a tó tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo gbà pé ohun tó pa àṣà ilé ẹbí nìyẹn gan-an ní ọ̀pọ̀ ilé: ẹbí ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tà, ṣùgbọ́n ẹbí kì í dá owó fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ilé bá jẹ́ ti gbogbo wa, ìnira inú rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo wa.

Nígbà náà ni àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá wa kò kọ́ ilé yìí fún èmi. Wọ́n ti ní kí n lọ ilé ọkọ. Ẹ̀yin tí wọn kò fojú rí ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹ sọ ẹni tí ẹ̀yin ń kọ́ tiyín fún." Màmá jókòó.

Ohun tí a fẹnu kò sí kò ṣe gbogbo wa lóore dọ́gba. Ẹ̀yìnkùlé ilé náà gbòòrò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àtijọ́ àti kànga tí a ti dí ló wà níbẹ̀. A ó fún ọkùnrin náà ní ẹ̀yìnkùlé yẹn láti kọ́ fúláàtì sí fún iye ọdún kan pàtó, lẹ́yìn náà yóò padà di tiwa. Nínú owó tó bá kọ́kọ́ san ni a ó ti tún ilé iwájú ṣe. Ọ̀dọ́mọdé ayàwòrán-ilé kan tó wá wò ó fi ìka kan ara ògiri, ó ní kí a wò ó: níbi tí wọ́n ti fi simẹ́ńtì bo amọ̀ láìpẹ́ yìí, ọ̀rinrin kò rí ọ̀nà jáde, ó ń jẹ amọ̀ náà láti inú, simẹ́ńtì ń ṣí bí èèpo. Níbi tí wọn kò fọwọ́ kàn láti ayé bàbá àgbà, ògiri le koko. Ó ní a ó ní láti ha simẹ́ńtì náà kúrò, kí a sì fi ìrẹ́ tó jẹ́ kí ògiri mí rẹ́ ẹ. Kápíńtà tó mọ bí a ṣe ń ṣe fèrèsé onígi ṣọ̀wọ́n báyìí, ṣùgbọ́n a rí bàbá kan ní Mùṣin tó gbà, tó ní kí a fún òun ní ọmọ méjì láti kọ́.

A ti kọ àdéhùn náà sínú ìwé. Àwọn ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọwọ́ sí i, àfi ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston. Ó ní kí a fún òun ní ìpín òun lówó, òun kò ní padà wá gbé Agége mọ́, àwọn ọmọ òun kò sì gbọ́ èdè. Ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé ní kí a máa bá iṣẹ́ lọ, pé ìfọwọ́sí ẹnìkan kò lè dá ohunkóhun dúró, pé lọ́yà òun yóò mójú tó o. Màmá kọ̀. Wọ́n ní bí a bá ti fo ọmọ kan dá nínú èyí, kò sí ìyàtọ̀ láàrin àwa àti àwọn tó ń tà á lẹ́yìn ara wọn. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ a ó tún pè é lórí fóònù, Màmá fúnra wọn ni yóò bá a sọ̀rọ̀, kápíńtà sì ń retí ìdáhùn wa.